Báwo Ni Owó Ìjọba Ṣe Ń Dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ìjọba bá kéde pé òun ti ná bílíọ̀nù báyìí báyìí láti fi gba ará ìlú lọ́wọ́ ìnira, èsì tí ẹ máa gbọ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àdúgbò wa ní Èkó níbí, kò ju ọ̀kan lọ: "Ta ló rí i? Àwa ò rí nǹkan kan o." Ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n ti kó o jẹ ni. Olè wà níbẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá di gbogbo ẹ̀ ru olè, a ò ní rí ìdíwọ́ kejì, èyí tí yóò ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ fi olóòótọ́ sí gbogbo ipò. Ìdíwọ́ náà ni pé owó ìjọba kì í rìn láìsí ìwé orúkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ lára wa kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2020. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé ti kó àrùn Kòrónà. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kún un, ó sì di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún kí wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ohun tí oṣù kan gbáko yẹn jẹ́ fún telọ, fún onídìrí, fún ìyá olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn mẹkáníìkì, fún ọmọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá tó sì gbọ́dọ̀ san owó ọlọ́kọ̀ kó tó jẹun. Owó tí irú wọn ń jẹ lónìí, òní náà ni wọ́n ń pa á. Kò pẹ́ tí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní àárín oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó làwọn ọkùnrin ti ń dáná táyà lóru nítorí ẹ̀rù àwọn adigunjalè.

Ní ìlú Ọba, ìjọba sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n má lé òṣìṣẹ́ wọn lọ, pé òun yóò gbé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn, bí kò bá ti ju pọ́n-ùn 2,500 lọ lóṣù kan. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 1,200 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kò kọjá ìwọ̀n kan. Àwọn èèyàn wa ní Peckham àti Houston gba nínú ẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Lóòótọ́, àwọn orílẹ̀-èdè náà lówó jù wá lọ. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé orúkọ ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé. Ìjọba mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi báyìí, ó mọ iye tó ń gbà, ó sì mọ báńkì tí owó ń gbà wọlé fún un. Ta ló ní ìwé owó oṣù ìyá olóúnjẹ tí mo mẹ́nu bà yẹn?

Ìjọba Èkó gbìyànjú oúnjẹ. Kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ni Gómìnà Sanwo-Olu ti kéde pé ìdílé 200,000 ni wọn yóò pín oúnjẹ fún: ìrẹsì, gàárì, ẹ̀wà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ka ìdílé kan sí ènìyàn mẹ́fà, mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn nìyẹn, nínú ìlú tí ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti lé ní ogún mílíọ̀nù. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ jí ẹ̀wà kan péré, nǹkan bí ènìyàn mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàdínlógún kò ní rí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo òpópónà fi ní ìtàn àpò kan ṣoṣo tó dé, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e wọlé.

Ìjọba àpapọ̀ náà kò fọwọ́ lẹ́rán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò tí àpò rẹ̀ gbẹ gan-an ni. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní oṣù kẹrin ọdún náà débi tí àgbá kan kò fi tó ogún dọ́là mọ́, bẹ́ẹ̀ epo rọ̀bì ni Nàìjíríà ń tà rí dọ́là. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, àjọ IMF yá wa ní bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ní oṣù kẹfà, ètò tírílíọ̀nù 2.3 náírà jáde. Báńkì àpapọ̀, CBN, ti kọ́kọ́ ya bílíọ̀nù 50 sọ́tọ̀ kí àwọn ìdílé àti oníṣòwò kéékèèké lè rí yá, pẹ̀lú èlé ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Owó tó rọrùn nìyẹn lóòótọ́! Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ni wọ́n ń béèrè, orúkọ àti àkáǹtì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Sikirat nínú BVN, tó di Shakirat lórí káàdì ìdìbò, kóòtù ló kọ́kọ́ máa sáré lọ fún ìwé ìbúra.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni owó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nínú ètò bílíọ̀nù 75 tí wọ́n pè ní Survival Fund. Náírà 30,000 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún telọ, fún káfíńtà, fún onímọ́tò àti irú wọn, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n gbà débẹ̀. Ẹgbẹ́ telọ mú orúkọ wá, ẹgbẹ́ onídìrí mú tiwọn wá. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, nítorí ẹgbẹ́ mọ ọmọ rẹ̀ ju Àbújá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe fúríìdọ̀mù kò sí nínú ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ránṣọ nínú yàrá rẹ̀ láìní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2020, ní àárín rògbòdìyàn EndSARS, àwọn èèyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Maza-Maza, wọ́n sì bá oúnjẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó para pọ̀ di CACOVID fi ta ìjọba lọ́rẹ. Inú bí gbogbo ìlú. Ìjọba ní kò tíì tán ní pípín ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ebi oṣù kẹrin kì í dúró de ìrẹsì oṣù kẹwàá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé adúláwọ̀ ò lè ṣe é. Ẹ wo Togo, tí kò ní epo rọ̀bì, tí kò sì tó wa níye. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020 kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Novissi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ kò lọ sí ọ́fíìsì kankan. Orí fóònù tọ́ọ̀ṣì lásán, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ti máa tẹ nọ́ńbà kúkúrú kan, tó sì máa fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò ààrẹ ní oṣù kejì ni, nítorí náà ìwé àwọn olùdìbò ṣì tutù, ó sì ní iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe nínú. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé alájàpá ni ọ́, tàbí ọlọ́kadà, ní ìlú tí òfin kónílé-ó-gbélé mú, owó á wọlé sórí fóònù. Obìnrin ń gba owó sẹ́fà 12,250 lóṣù, ọkùnrin 10,500. Wọ́n pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dé. Àti pé wọ́n jẹ́ kí ti obìnrin ju ti ọkùnrin lọ, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ìkòkò kaná. Nàìjíríà náà ní ìwé olùdìbò, a ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, a ní BVN. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kálukú wọn dá dúró bí àwọn orogún tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Ta ló wá gbé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó la oṣù yẹn já? Àjọ ni, àti àwìn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àjọ, nítorí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé máa ń yìn ín láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Alájọ ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ó ń gba 500 lọ́wọ́ tibí, 1,000 lọ́wọ́ tọ̀hún, ó ń fàmì sórí káàdì. Ní ìparí oṣù, owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀, ìyókù á padà sọ́wọ́ olówó. Èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọmọ tèmi bá ń ṣàìsàn lóṣù yìí, tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tìrẹ sì ń béèrè owó lóṣù tó ń bọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ò mọ ìyẹn. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa fẹ́ kó owó wa, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa kò sì rí nǹkan kan dá sí i. Alájọ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí di ẹni tó ń fara pamọ́. Ibi tí ìjọba ti wúlò jù lọ nìyẹn: ó lè yá owó lọ́dún tí gbogbo ilé ń ṣòfò, kó sì san án díẹ̀díẹ̀ nígbà tí nǹkan bá rọ̀. Àjọ ò lè ṣe èyí.

Àwọn tí àjọ wọn ti tán bọ́ sọ́wọ́ àwọn ayánilówó tí à ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ wọ́n: ẹ ó kóra yín jọ, ẹ ó dúró fún ara yín, ẹ ó máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni kan ò gbọdọ̀ ṣẹ̀. Bó bá ṣẹ̀, ilé rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ máa jókòó sí.

Lẹ́yìn àrùn ni ohun tó le jù wá dé. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, gbé owó àlìkámà sókè, búrẹ́dì sì tẹ̀ lé e. Ghana, aládùúgbò wa, kò lè san gbèsè mọ́ ní ìparí ọdún 2022. Ọ̀wọ́ngógó ọjà wọn lé ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa náà bọ́ sínú wàhálà náírà tuntun tí wọ́n ní kó rọ́pò owó àtijọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, owó wà ní báńkì ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí àwọn oní-POS: ẹ fẹ́ gba 1,000, wọ́n ń yọ 200 níbẹ̀. A ń fi owó ra owó! Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, tó ní kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fò sí 500 ó dín díẹ̀ ní Èkó, ó di 617 ní àwọn ibì kan kí oṣù méjì tó pé, ó sì sún mọ́ 1,000 ní Èkó nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí wọ́n ń pè ní 471 lọ́wọ́ ìjọba kọjá 1,500 láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan gàárì nínú dọ́là, ṣebí Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n epo ló ń yí ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá, epo ló ń gbé ọkọ̀ wá sí Èkó, táyà ọkọ̀ náà àti òróró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti òkè òkun wá.

Tèmi ni pé ìrànwọ́ orí epo kò lè dúró títí láé; owó tí a kò ní la fi ń san án, ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta sì ń jẹ nínú ẹ̀ ju ẹni tó ń wọ danfo lọ. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n kọ́kọ́ mú u kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wá ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ṣèlérí náírà 25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n dá ètò náà dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ owó tó gba àkáǹtì ẹnì kan kọjá bẹ́ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ mínísítà tó ń bójú tó o.

Ìjọba Èkó gbìyànjú àwọn ètò tí kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n dín owó ọkọ̀ BRT kù sí ìdajì. Mo fẹ́ràn ìyẹn, nítorí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ti jẹ ẹ́ nìyẹn, kò sí pé ta ni bàbá rẹ. Wọ́n ní danfo náà yóò dín ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ̀ ọ́ láti Lawanson lọ sí Ojúẹlẹ́gbà mọ bó ṣe lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọjà Oúnjẹ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ìdá 25 ni wọ́n ń dín lórí ọjà, ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ ra ju 25,000 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ìrẹsì ní dẹ́rìkà kan, tó ń ra òróró nínú ọ̀rá, ibo ló ti máa rí 25,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ Àìkú? Ẹni tó lówó díẹ̀ ló lè fi owó díẹ̀ pamọ́ níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yaba kò ṣeé gbàgbé. Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù kejì ọdún 2024. Àwọn aṣọ́bodè ní àwọn máa ta ìrẹsì tí àwọn gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́: kílò 25 fún 10,000 náírà. Àpò ńlá ìrẹsì ti lé ní 60,000 lọ́jà lásìkò yẹn. NIN ni wọ́n ní kí èèyàn mú wá. Àwọn ìyá ti wà lórí ìlà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ láti Mushin, láti Surulere, láti Ebute-Metta, wọ́n di ìwé NIN mọ́wọ́. Oòrùn mú wọn. Nígbà tí ìrẹsì fẹ́ tán, tí èrò kò sì dín, ìlà fọ́. Àwọn kan ṣubú, àwọn mìíràn tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn kan tó jáde láti ra ìrẹsì ọmọ wọn kú sójú títì. Àwọn aṣọ́bodè dá títa náà dúró. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ìlà náà, àwọn aṣọ́bodè ò sì lò ó láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé, "Ìwọ, wá lọ́jọ́ Ajé ní aago mẹ́wàá."

CBN, ní tirẹ̀, gbé èlé sókè. Ìwọ̀n èlé rẹ̀ tó jẹ́ ìdá 11.5 nígbà àrùn di 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Èrò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni pé bí owó bá wọ́n láti yá, ríra á dín, ọjà á rọ̀. Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ta ló ń yáwó ní báńkì? Ìyá onírẹsì kò mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Cardoso, gómìnà CBN, ṣèpàdé. Ẹni tó ń kó ìrẹsì fún un ló mọ̀, òun ló sì máa gbé èlé náà lé àpò. Oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ lórí dọ́là. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí owó ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣirò tàn yín jẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n ní ọ̀wọ́ngógó jẹ́ ìdá 34.80. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di 24.48. Ọjà ò wálẹ̀ lóru kan. Wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò padà ni, wọ́n mú ọdún tuntun fi ṣe ìpìlẹ̀. Ó wá já sí 18.02 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Bó bá tilẹ̀ já sí márùn-ún, ọjà ṣì ń gòkè ni, ó kàn ń rọra gòkè. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀wọ́ngógó ti dín, tí ẹ sì dé ọjà tí dẹ́rìkà ìrẹsì ò dín, kò sí ẹni tó purọ́.

Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, Èkó sì gbé tirẹ̀ sí 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Olówó oṣù nìyẹn.

Ti àwa yòókù wà nínú òfin owó orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò bá ju 800,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ó yọ ẹ́ nínú owó orí ìjọba o, kò yọ ẹ́ nínú tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ tí wọ́n ń já fún yín nídìí àtẹ, kò sì sẹ́ni tó tíì fi òfin kan bá àwọn tó ń já a wí tó bó ṣe yẹ. Mo sì sọ pé èrè, mi ò sọ pé títà. Bí ìyá olóúnjẹ bá ta 20,000 lójúmọ́, ìrẹsì, epo pupa, gáàsì, omi, owó ọmọ iṣẹ́ àti owó ṣọ́ọ̀bù ti kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ. Ó lè má ju 2,000 tó kù fún un. Ọdún kan ìyẹn kò tó 800,000. Báwo ló ṣe máa fi hàn? Ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ohun tó rà lápá kan, ohun tó tà lápá kejì, lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá ní i, ojú ni òṣìṣẹ́ owó orí máa fi wọn òwò rẹ̀, èrò tó ń jẹun níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ló sì máa kà.